Ọdẹ́gbèmí àti Ọ̀nà Etí Òkè Òòfà

Ẹ gbé àpótí yín súnmọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá ní iṣu lórí iná, kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi etí kan gbọ́ kí a máa fi èkejì gbọ́ híhó ìkòkò. Èmi ọdẹ tí ẹ ń wò yìí, mo ti wo ẹkùn lójú, ẹkùn ló sì kọ́kọ́ ṣẹ́jú. Mo ti sùn nínú ihò tí òjòlá kó ọmọ sí, mo jí, mo na ara, mo sì jáde kí ìyá wọn tó ti oko ìjẹ dé. Síbẹ̀, bí a bá kó gbogbo ohun tí ojú mi ti rí jọ, tí a dì wọ́n lẹ́rù, kò lè wúwo tó ìdajì èyí tí Ọdẹ́gbèmí rí. Ọdẹ́gbèmí ni bàbá tó bí ìyá mi. Ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ, ìyá mi kì í sì í purọ́. Ẹni tó bá fẹ́ pè é nírọ́, kó dìde báyìí kó máa lọ, ọ̀nà ilé ṣì mọ́lẹ̀.

Ìlú Ìdí-Arò ni Ọdẹ́gbèmí ń gbé. Ọkùnrin tó ga ni, tó gbẹ bí igi orín, ọ̀rọ̀ kò sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bímọ, ọmọ ń lọ; ó tún bí, ó tún ń lọ. Nígbà tí ọ̀kan dúró, wọ́n sọ ọ́ ní Dúródọlá. Ọmọ náà ṣì ń rá nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, bàbá ló sì fi omi ẹran ìgbẹ́ àti ẹ̀kọ gbígbóná tọ́ ọ dàgbà. Bí ó bá ti igbó dé, kì í gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ kí ó tó wo ojú ọmọ náà. Gbogbo ìlú mọ̀ pé bí ènìyàn bá ń wá ọkàn Ọdẹ́gbèmí, kó má wulẹ̀ wò ó láyà. Kó lọ wo oko ẹ̀pà, ibẹ̀ ni ọkàn náà ti ń fi ọkọ́ kọ ebè.

Ẹ ti mọ̀ pé ọmọ náà yè. Bí kò bá yè, ta ni ì bá bí mi? Ṣùgbọ́n ẹ má tètè yọ̀. Ẹni tó yè nínú ogun mọ orúkọ ẹni tó dúró fún un níbẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kan, Dúródọlá ń kọ ebè lọ́wọ́ nígbà tí ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀. Àwọn aládùúgbò oko ti sá bọ́ sínú ahéré. Wọ́n pè é, ó ní ebè kan ló kù. Mànàmáná kọ, ilẹ̀ funfun báláú, àrá sì sán bí ẹni pé ilé ayé là sí méjì. Nígbà tí wọ́n sáré débẹ̀, wọn kò bá òkú, wọn kò bá eérú, wọn kò bá irun orí kan. Irin ọkọ́ nìkan ni wọ́n bá nínú ebè. Èèkù rẹ̀ ti jóná.

Àwọn àgbà ìlú ní kí ẹnikẹ́ni má sunkún, nítorí a kì í sunkún ẹni tí àrá bá mú. Ọdẹ́gbèmí kò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú irin ọkọ́ náà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀bẹ tó wà nídìí rẹ̀ já jáde nínú àkọ̀, ó sì lẹ̀ mọ́ irin náà pẹ́kí bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọmú. Ó gbé e délé, ó fi okùn so ó kọ́ àjà. Irin náà yí, ó yí, ó wá dúró, ó kọ imú sí ìhà kan. Ó fi ìka tì í kúrò. Ó tún yí padà sí ìhà náà. Ilẹ̀ mọ́, ibẹ̀ náà ló kọjú sí. Òjò rọ̀, òjò dá, kò yẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àwẹ̀ró, wọlé bá a níbi tó jókòó sí tó ń wo òkè.

Ó ní, “Àbúrò mi, jẹun.”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó. Ọmọ mi ń nawọ́ sí mi.”

“Irin ni. Irin kò bímọ, irin kò lọ́wọ́.”

“Irin kì í mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ẹnìkan ló ń fi hàn án.”

Àwẹ̀ró gbójú sókè wo irin náà. Ó ní, “Bí o bá lọ, mo mọ̀ pé ìwọ kọ́ ni yóò padà wá sọ fún mi.” Ó wá di ẹ̀wà yíyan sínú àpò fún un, nítorí pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti gbéra, oúnjẹ là á fún un, a kì í fún un ní ìmọ̀ràn.

N kò ní máa ka odò fún yín, n kò ní máa ka òkè. Ó rìn títí igi tó mọ̀ fi tán, ó rìn títí ẹyẹ fi ń ké ohùn tí kò yé e. Irin ọkọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí okùn, ibi tó bá kọjú sí ni òun náà ń tọ̀. Àwọn iwin inú igbó yọ sí i, iwin onírù, iwin elétí bí ewé kókò; wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n sì yà fún un, torí pé ọ̀fọ̀ tó bá ti kún ojú ènìyàn, iwin kò rí ibi tí yóò gbé ẹ̀rù tirẹ̀ kà níbẹ̀. Èmi ni wọ́n bá yọ sí ni, ẹ̀ bá gbọ́ ariwo ìjà náà dé ibí yìí!

Ibi tí igbó náà parí sí ni ó ti bá obìnrin kan tó ń mọ amọ̀. Ọrùn obìnrin náà gùn bí ti ẹyẹ lékèélékèé, amọ̀ gbẹ mọ́ ọn lápá títí dé ìgbọ̀nwọ́, agbárí ènìyàn ni ó sì tò yí ara rẹ̀ ká bí ẹni pàtẹ ìkòkò.

“Ọdẹ, dúró.”

“Mo dúró, Màmá.”

“Wo ọwọ́ mi.” Ó mú ìṣù amọ̀ kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó di àwo. Ó ká etí rẹ̀ sókè, ó di àwokòtò. Ó fà á gùn, ó di ṣíbí. “Ṣé mo fà á ya?”

“Rárá, ẹ kò fà á ya.”

“Ṣé mo dá a lu?”

“Ẹ kò dá a lu.”

Obìnrin náà wá mú ìlẹ̀kẹ̀ amọ̀ ńlá kan tó tutù, tí ojú okùn wà nínú rẹ̀, ó jù ú sí i. “Sọ èyí di àwo. Má fà á ya, má sì dí ojú rẹ̀. Bí o bá ṣe é, kọjá. Bí o kò bá ṣe é, agbárí rẹ á wúlò fún mi.”

Ọdẹ́gbèmí jókòó ti amọ̀ náà. Ó tẹ̀ ẹ́, ó di òrùka. Ó fà á, ó di etí ìkòkò. Ó fẹ̀ ẹ́, ó di òṣùká. Ohunkóhun tó bá sọ ọ́ dà, ihò náà á ṣáà ṣíjú sí i láàárín. Oòrùn wọ orí, oòrùn yẹ̀. Ó wá rí i pé bí òun bá kàn fi àtàǹpàkò nu ún báyìí, ihò á dí, obìnrin náà lè má mọ̀. Ó gbé àtàǹpàkò sókè. Ó tún gbé e sọ̀kalẹ̀, ó sì dá amọ̀ náà padà.

Ó ní, “Màmá, kò ṣeé ṣe. Ohun tí a bá ti dá lu, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fà á, ẹ lọ́ ọ, ojú rẹ̀ wà níbẹ̀. Àfi kí a pa á run kí a tún un mọ. Bí ẹ bá fẹ́ agbárí mi, òun nìyí.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ dúdú. “Gbogbo àwọn tí agbárí wọn wà nílẹ̀ yìí gbọ́n jù ọ́ lọ. Àtàǹpàkò ni wọ́n fi dí i, wọ́n ní àwọn ti ṣe é. Máa lọ. Inú Òkè Òòfà ni ọmọ rẹ wà. Òfin tó wà níbẹ̀ dà bí ihò yìí. Bí o lù ú, bí o gbo ó, òun náà ni yóò máa jẹ́. Má fi agbára bá a jà.”

“Báwo ni mo ṣe máa gba ọmọ mi, Màmá?”

“Èmi kò sọ pé wàá gbà á,” ni obìnrin náà wí, ó sì tẹ orí ba iṣẹ́ rẹ̀.

Òkè Òòfà dúdú, ó ń dán, koríko kan kò hù lórí rẹ̀. Gbogbo yín ló mọ òòfà, òkúta tó ń fa irin mọ́ra; ṣùgbọ́n èyí tí ẹ mọ̀ kò ju ọmọ-ọmọ-ọmọ òkè náà lọ. Ọdẹ́gbèmí ṣì jìnnà nígbà tí ìbọn rẹ̀ já kúrò léjìká rẹ̀, ó fò lọ, ó lẹ̀ mọ́ òkúta gbàmù. Ọ̀bẹ tẹ̀ lé e. Àdá tẹ̀ lé e. Orí ọfà inú apó rẹ̀ ya apó náà, wọ́n lọ bí ọ̀wọ́ eṣú. Ọdẹ tí kò ní irin mọ́, kí ló tún kù tó jẹ́? Irin ọkọ́ Dúródọlá nìkan ni kò lọ. Ó ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó rí ará ilé rẹ̀. Ọdẹ́gbèmí fi ọ̀já dì í mọ́ àyà lábẹ́ ẹ̀wù. Ó fi ọwọ́ kan òkúta náà, òkúta náà sì gbé e mì.

Inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ láìní oòrùn. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni àwọn ẹ̀ṣọ́. Wọn kò ga ju orúnkún lọ, wọ́n pọ̀ ju ewé igbó, gbogbo wọn dúró ní ìlà gbọn-in gbọn-in, wọ́n sì gbójú sókè. Bí ọ̀kan bá fẹ́ wolẹ̀ báyìí, àwọn tó yí i ká á fi ìgbọ̀nwọ́ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí yóò fi tún gbójú sókè bíi tiwọn. Láàárín àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí ni àwọn tí àrá ti gbé láti ayébáyé wà: àgbẹ̀, darandaran, alápatà, ìyàwó ilé. Kálukú ń yí lójú kan bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn. Wọn kò dúró, wọn kò sì lọ síbì kankan. Ẹni tó bá nawọ́ sí ẹnìkejì, ọwọ́ rẹ̀ kì í tó o.

Etí òkè náà nìkan ni ènìyàn ti ń rìn. Ọ̀nà tóóró kan ló yí etí náà ká, ẹnìkan tẹ̀ lé ẹnìkan, ìhà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì kọrí sí.

Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ dúró díẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi tó ń kàwé ní yunifásítì sọ fún mi pé àwọn onímọ̀ ti rí irú òkúta báyìí, tó ní òòfà nínú. Ó ní ohun tín-ń-tín tí ń gbé iná mànàmáná rìn, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lorúkọ rẹ̀, kò lè gba inú òkúta náà kọjá. Etí rẹ̀ ló ń gbà, kì í sì í padà sẹ́yìn, kódà bí etí náà bá rí gbágungbàgun. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ohun tí ẹ̀yin ń fi ẹ̀rọ wò, bàbá mi àgbà ti fi àtẹ́lẹsẹ̀ rìn ín.

Bí Ọdẹ́gbèmí ti gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀nà náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ó fẹ́ dúró, kò ṣeé ṣe. Ó fẹ́ yíjú wo ẹ̀yìn, ọrùn rẹ̀ gan bí òpó. Àpáta ńlá kan dí ọ̀nà níwájú, ó sì rò pé ibẹ̀ ni ọ̀nà máa dá òun padà. Ọ̀nà náà kàn ya bá àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yí i po, ó tún ń lọ. Ọ̀gbun kan là sílẹ̀. Ọ̀nà náà tọ etí ọ̀gbun, ó ń lọ. Kò sí ohun tó lè dá ẹnikẹ́ni padà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Níwájú, lẹ́yìn èrò díẹ̀, ó rí ẹ̀yìn kan. Ó mọ èjìká òsì tó máa ń tẹ̀ díẹ̀ nítorí omi pípọn. Ó mọ ìrìn náà.

“Dúródọlá!”

Ọmọ náà ta gìrì, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò yí. “Bàbá! Kó má jẹ́ ẹ̀yin o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà!”

“Kò sí ìpadà mọ́, ọmọ mi. Dúró dè mí!”

“N kò lè dúró, Bàbá. Mo ti gbìyànjú ẹ̀.”

Ọdẹ́gbèmí sáré. Sísáré kò dín ọ̀nà kù. Ó fà sẹ́yìn, kò mú un jìnnà. Ìṣísẹ̀ kan náà ni ọ̀nà náà fi ń gbé gbogbo wọn. Bàbá ń wo ẹ̀yìn ọmọ, ọmọ ń gbọ́ ohùn bàbá, ààyè tó wà láàárín wọn kò fi ìka kan dín. Ìyá mi sọ fún mi pé ìyẹn burú ju ìgbà tí òun dá wà lọ, torí pé ìgbà yẹn ni ẹkún bàbá òun wá dé etí òun, ojú òun kò sì rí i rí kó sunkún.

Bí wọ́n ti ń yí etí òkè náà po, ibì kan wà tí ọkùnrin kan ti ń yí lójú kan nítòsí ọ̀nà. Awọ ọdẹ ló wà lára rẹ̀. Bí Ọdẹ́gbèmí bá ti ń kọjá ni ọ̀rọ̀ díẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín wọn, ìyókù á di ìgbà tó bá tún yípo dé.

“Ọdẹ ẹgbẹ́ mi, o kú ìrìn o. Láwoyin lorúkọ mi, ará Òkè-Ìgbín. Ọgbọ́n ni mo fẹ́ gbọ́n, mo ní kí n gba àárín kọjá. Àárín kò ní ọ̀nà.”

Ó kọjá. Nígbà tó tún dé, Ọdẹ́gbèmí bi í, “Kí ló ń mú ọ̀nà yìí kọrí síbì kan?”

“Ojú àwọn ẹ̀ṣọ́ ni. Wọ́n gbójú sókè, ọ̀nà lọ báyìí. Bí wọ́n bá dojú dé ilẹ̀, ọ̀nà á yí padà.”

Ó tún dé. “Ṣé kò sí ẹnu àbájáde ni?”

“Ò ń kọjá lára rẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń fẹ́ sí ọ ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹni kì í gbé ẹni jáde níbẹ̀, ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ ti ẹni láti ẹ̀gbẹ́. Ẹnìkan tẹ̀ lé ẹnìkan ni ẹ̀ ń rìn. Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ta?”

Lẹ́yìn èyí ni Láwoyin ṣàkíyèsí pé bí Ọdẹ́gbèmí bá ti ń kọjá, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà nítòsí rẹ̀ máa ń ṣẹ́jú, wọn a fẹ́ wolẹ̀. Ó béèrè ohun tó wà láyà rẹ̀. Ọdẹ́gbèmí ní irin ọkọ́ ọmọ òun ni, tí àrá sán sí. Nígbà tí Ọdẹ́gbèmí tún yípo dé, ohùn Láwoyin ti yí padà.

“Sọ irin náà sáàárín wọn, kí o dorí rẹ̀ kodò. Ìdajì wọn á tẹ̀ lé e, wọ́n á wolẹ̀. Láàárín àwọn tó ń wòkè àti àwọn tó ń wolẹ̀, ọ̀nà á là. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀kan nígbà tí àrá ńlá kan sán. Ìlà méjì ló máa ń rìn níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́, ẹnu àbájáde ló sì já sí. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Wọ́n á tún gbójú sókè.”

“Láwoyin, kí ló dé tí o fi ń sọ fún mi?”

“Nítorí pé abẹ́ ẹsẹ̀ mi níbí ni ọ̀nà náà yóò gbà kọjá. Tì mí jáde. Èmi ni kí o kọ́kọ́ tì, lẹ́yìn náà kí o ti ọmọ rẹ.”

“Kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ ṣáájú?”

Láwoyin ti yí kúrò, ó tún yí padà. Ó ní, “Nítorí mo mọ bí ọkàn bàbá ti rí. Ìyá mi wà nílé. Ó ní kí n má lọ sígbó lọ́jọ́ tí àrá gbé mi, mo sì já ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ẹ̀wù mi. Fi irin búra fún mi.”

Ọdẹ́gbèmí gbé ọwọ́ lé àyà. “Mo fi irin yìí búra. Bí mo bá dà ọ́, kí irin kọ̀ mí.”

Níwájú, Dúródọlá gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọdẹ́gbèmí tú ọ̀já, ó fi gbogbo agbára apá rẹ̀ ju irin náà, orí kodò, sí àárín àwọn ẹ̀ṣọ́. Èyí tó bà sí tòsí dojú délẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ gún ìgbọ̀nwọ́, ọ̀kan fa ọ̀kan, ìdojúdélẹ̀ náà ràn bí iná inú ọyẹ́, títí ìhà kan òkè náà fi ń wo ilẹ̀, ìhà kejì sì ń wòkè. Wọ́n kérora lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo wọn pọ̀, ohùn náà sì wọ ènìyàn léegun. Ọ̀nà là gbooro láàárín wọn.

Ìhà tí Dúródọlá wà ti yí padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbé e bọ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ ni Ọdẹ́gbèmí rí ojú ọmọ rẹ̀. Ó ti rù. Àpá àrá wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ẹ̀ka igi tó ti wọ́wé. Wọ́n pàdé ní orí ọ̀nà titun náà, ọ̀nà náà sì gba àwọn méjèèjì, bàbá lọ́wọ́ ọ̀tún, ọmọ lọ́wọ́ òsì, ìhà kan náà ni wọ́n ń lọ. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ta ló ń bá mi wo ẹ̀pà?” ni ọmọ náà béèrè. Ọ̀rọ̀ tó wá sí i lẹ́nu nìyẹn.

“Ẹ̀gbọ́n mi Àwẹ̀ró ni. Ó so dáadáa.”

“Ẹ kò jẹun, Bàbá.”

“Mo jẹun.”

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Láwoyin. Ọ̀nà náà gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, èèkàn tí a kò rí náà sì tú. Ó bọ́ síwájú Dúródọlá, ó ń rìn, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìrìn. Ó ní, “Mo ń lọ. Ọdẹ́gbèmí, wò ó, mo ń lọ!”

Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ bọ̀. Ẹnu àbájáde hàn níwájú ní ìhà òsì, ìmọ́lẹ̀ ayé yìí funfun nínú rẹ̀, a sì ń gbọ́ ohùn ẹyẹ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn wọn àwọn ẹ̀ṣọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbójú sókè, ọ̀wọ́ lẹ́yìn ọ̀wọ́, ọ̀nà ń dí bọ̀, ẹnu náà sì ń sún pọ̀ bí ojú egbò. Ọdẹ́gbèmí wò ó. Ẹni tó ti ń wo ihò ẹranko láti ìgbà èwe mọ ohun tí ihò lè gbà. Ẹnìkan ni èyí máa gbà. Kò ní gba ẹnìkejì.

Láwoyin kò wò ó. Ó ti gbà á gbọ́. Ó dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu náà, ó na ara sílẹ̀ fún ìtì, ó sì di ojú rẹ̀ méjèèjì.

“Ó ti yá, ọ̀rẹ́ mi.”

Ọwọ́ Ọdẹ́gbèmí gbéra. Ó dé èjìká Láwoyin. Ó kọjá èjìká Láwoyin.

“Bàbá, òun ni ẹ búra fún!” Igbe Dúródọlá nìyẹn. Ó fi èékánná di apá bàbá rẹ̀ mú. Bàbá rẹ̀ já ìka rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbá a mọ́ra díẹ̀, ó sì tì í.

Ẹnu náà pa dé. Láwoyin ṣì di ojú síbẹ̀.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ gbójú sókè tán, òfin òkè náà sì padà bí ó ti wà. Ọ̀nà etí gba àwọn ọkùnrin méjèèjì. Ọdẹ́gbèmí ló wà níwájú, Láwoyin ló tẹ̀ lé e.

Láwoyin wá sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Ó ní, “Ọdẹ́gbèmí, yíjú sí mi.”

“N kò lè yí i, Láwoyin.”

“Mo mọ̀. Yíjú sí mi.”

Dúródọlá wà níta, ó fi etí lé òkúta, ó ń gbọ́ wọn. Ohùn náà á súnmọ́, á jìnnà, á tún yípo dé. Ohùn kan ń bẹ̀, ohùn kan ń dáhùn. Ó dúró síbẹ̀ títí tí ohùn bàbá rẹ̀ fi dákẹ́ tó kù ti Láwoyin nìkan, ó sì dìde.

Ó padà sí Ìdí-Arò. Àwẹ̀ró bọ́ aṣọ orí rẹ̀, ó fi bò ó. Àwọn ará ìlú ń jó, wọ́n ní òkú jí, wọ́n pa àgbò. Kò jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ gbà á, ó béèrè ọ̀nà Òkè-Ìgbín. Àwẹ̀ró ní, “Kí lo ń lọ ṣe níbẹ̀? Wọn kò mọ̀ pé o wà láyé.” Ó ní, “Ìyẹn ni mo ń lọ sọ fún wọn.”

Ó bá ìyá Láwoyin lẹ́nu ọ̀nà ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Obìnrin náà ti darúgbó, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì yá. Dúródọlá kúnlẹ̀, kò sì dìde títí tó fi sọ̀rọ̀ náà tán. Kò fi iyọ̀ sí i, kò yọ egungun inú rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ yín ló yẹ kó jáde. Èmi ni bàbá mi tì.”

Ìyá náà kò dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ó bó ọ̀kan, ó bó òmíràn.

Ó ní, “O ní ó ti ń yí lójú kan tẹ́lẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Ṣé ó ń rìn báyìí?”

“Ó ń rìn, Màmá.”

Ìyá náà ti àwo ẹ̀gúsí sáàárín àwọn méjèèjì. “Jókòó. Bá mi bó o.”

Dúródọlá jókòó. Kò tún padà lọ gbé Ìdí-Arò mọ́. Òun ló ń pọnmi fún obìnrin náà, òun ló ń wẹ̀ ẹ́ nígbà tí kò lè dìde mọ́. Àbúrò Láwoyin ló fẹ́ ẹ, wọ́n sì bí mi. Ní ọjọ́ ìkómọ, àwọn àgbà ilé ní kí wọ́n sọ mí ní Láwoyin, kí orúkọ náà má bàa parẹ́ nínú ilé. Gbogbo Òkè-Ìgbín ló sì ń pè mí bẹ́ẹ̀ di òní.

Ìyá àgbà náà gbé mi pọ̀n. Ó rún ẹran sí mi lẹ́nu, ó kọ́ mi ní oríkì ilé. Ṣùgbọ́n kò pè mí ní orúkọ yẹn rí, títí ilẹ̀ fi bò ó. Bó bá fẹ́ kí n wá, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á pè mí ní “Ọmọ Ọdẹ́gbèmí,” màá sì dá a lóhùn.